Télọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Jẹ́ Ìpè

Ọ̀rẹ́ mi, fìdí kalẹ̀ díẹ̀. Ìwé yìí kò gùn, kò sì ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ. Ìtàn télọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ọkùnrin kan tí wọ́n pè tí kò dáhùn, tí wọ́n sì tún pè.

Ìbàfò ló ń gbé, lẹ́yìn òpópónà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, nínú ilé gígùn kan tí àwọn yàrá rẹ̀ dojú kọ ara wọn. Apá Ọ̀yọ́ ló ti wá. Télọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, àmọ́ Àdìó ni oríkì rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ká sọ òótọ́. Bí ó bá rán agbádá fún ọ, ìwọ náà á wá ọ̀nà tí wàá fi gba iwájú ilé àna rẹ kọjá.

Ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí o bá kí i láàárọ̀, á kọ́kọ́ wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ kó tó pinnu bóyá kí òun dáhùn. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó ní òun kò ráyè, pé bí Ọlọ́run bá fẹ́ rán aṣọ, ó mọ ṣọ́ọ̀bù òun.

Yàrá tó kọjú sí tirẹ̀ ni Mùtíù ń gbé. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ọmọ Ìfọ̀, fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní ẹ̀gbẹ́ títì. Òun nìkan ló lè fara da Àdìó. "Ẹ̀gbọ́n" ló máa ń pè é. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó rí i pé korobá Àdìó ti gbẹ, á pọn omi kún un kó tó fọ ọwọ́ dúdú ara rẹ̀. Àdìó kì í dúpẹ́. Lójú tirẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ní ìparí ọ̀ọ̀dẹ̀, opó kan wà níbẹ̀ tó ń ta kẹrosíìnì. Ìyá Ọmọ́títí ni wọ́n ń pè é. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún kan ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Òun nìkan ló ń pe télọ̀ ní Àdìó. Ó ní òun kò tíì rí ìyá tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Télọ̀ lọ́jọ́ ìkómọ.

Ní ìgbà òjò ọdún 1988, onígbáméjì wọ agbègbè wọn. Ẹ̀gbẹ́ Mówè ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kò sì pẹ́ tó fi dé Ìbàfò. Ènìyàn á jí sáyé láàárọ̀, á máa bì, á máa ya ìgbẹ́ gbuuru, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ojú rẹ̀ á ti jìn sínú. Àdìó tètè kó ìyàwó rẹ̀, Bàṣírátù, àti àwọn ọmọ wọn sínú ọkọ̀, wọ́n lọ sílé ní apá Ọ̀yọ́. Òun kò lọ. Aṣọ oníbàárà kún yàrá rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì wuwo. Kò lè fi wọ́n sílẹ̀ fún olè.

Kàkà kó sá, Ìfọ̀ ló gbà lọ. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní ó ń ṣe ìṣọ́ra. Ó fún Àdìó ní oǹdè kan tí wọ́n fi awọ rán, pé kó gbé e kọ́ sí òkè ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú yàrá. Ó wá sọ èèwọ̀ rẹ̀ fún un.

"Níwọ̀n ìgbà tí àrùn yìí bá ṣì wà nílùú, ẹnikẹ́ni tó bá dúró níta tó pè ọ́, o ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Ikú ló ń pe èèyàn lásìkò báyìí. Ọjọ́ tó o bá lanu dáhùn, ọjọ́ yẹn lo ṣílẹ̀kùn fún un."

Inú Àdìó dùn. Ọkùnrin tí kò fẹ́ràn àtidá ènìyàn lóhùn tẹ́lẹ̀ wá rí èèwọ̀ tó bá a lára mu gẹ́lẹ́.

Kò pẹ́ tó padà dé ni àwọn wolé-wolé dé. Àrùn ti pa ènìyàn ní ilé tó tẹ̀ lé tiwọn. Wọ́n fi ẹfun sàmì sí ògiri ilé wọn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jáde, kí ẹnikẹ́ni má wọlé, títí ara ìlú á fi rọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa se omi kànga kí wọ́n tó mu ún. Wọ́n ti ilé ìwé, wọ́n ní kí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì àti ìrun Jímọ̀ dúró ná. Ọ̀pọ̀ ayálégbé ti sá lọ. Àwọn tó ṣẹ́ kù nínú ilé gígùn náà ni Àdìó, Mùtíù, Ìyá Ọmọ́títí, àti Sọ̀fíyátù, ìyá ọmọ jòjòló kan tí ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù, tí kò sì tíì ti ọ̀hún Kánò dé.

Ilé náà dákẹ́. Ẹni tí kò bá gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Ibi tí rédíò, ẹkún ọmọ, ariwo odó àti ìjà orí ṣáláńgá kì í ti í tán, wá di ibi tí o ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ aláǹgbá lórí páànù.

Ìyá Ọmọ́títí kò gbà fún ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ní àràárọ̀, á fi aṣọ bo imú, á dúró sí àárín ọ̀ọ̀dẹ̀, á máa pe ènìyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Sọ̀fíyátù!"

"Mà!"

"Ṣé ọmọ wa mu ọyàn?"

"Ó mu ún, Màmá. Ó fẹ́ mu èmi náà mọ́ ọn."

"Jẹ́ kó mu. Mùtíù!"

"Mà! Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ebi ló jí mi."

"Òkú kọ́ ni ọ́ nìyẹn. Ẹ̀kọ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Àdìó o!"

Kẹ́kẹ́ pa.

"Àdìó o! Ṣé o jí ire?"

"Màmá, ẹ fi Ẹ̀gbọ́n sílẹ̀," Mùtíù á sọ láti inú yàrá rẹ̀. "Bóyá ó ń bínú ni."

"Ta ló ń bá bínú, ògiri?"

Á wá gbé omi sísè sí ẹnu ọ̀nà kálukú. Kẹrosíìnì tó yẹ kó tà, tó ti wọ́n bí ojú nígbà yẹn, ni obìnrin yìí ń dá sínú sítóòfù láti fi se omi fún gbogbo ilé. Ti Àdìó á wà níbẹ̀ títí á fi tutù, á sì padà wá gbé e kúrò. Àdìó kò mu ún. Ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó jí, òun á yọ́ jáde lọ fa omi tirẹ̀ ní kànga ẹ̀yìn ilé, á padà wọlé, á sì fi irin dábùú ilẹ̀kùn. Kò sè é. Ta ló ń jó sítóòfù nígbà tí oǹdè wà lókè ilẹ̀kùn?

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àdáwà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Aṣọ àwọn oníbàárà fi ara kọ́ ògiri bí ènìyàn tó kẹ̀yìn sí i. Á jẹun tán, kò ní rí ẹni tí yóò sọ fún pé òun yó. Ó rántí ohùn àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó rí ara rẹ̀ tó dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, etí mọ́ pákó, tó ń retí kí arúgbó oníkẹrosíìnì yẹn pe orúkọ òun. Ojú tì í. Ó sì sunkún.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti wá ọgbọ́n dá. Ẹnu ni ọkùnrin tó fún un ní oǹdè sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Nítorí náà, bí Ìyá Ọmọ́títí bá ti pè é, á sáré jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀. Kò sí òwú lára rẹ̀, kò sí aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ kí ó lè dún ni.

"Háà!" Ìyá Ọmọ́títí pariwo ní àárọ̀ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. "Sọ̀fíyátù, ṣé ò ń gbọ́? Àdìó ń fi máṣíìnì kí mi! O ṣeun o, ọmọ mi. O kú iṣẹ́."

"O ṣeun" yẹn ni Àdìó ń fi sùn, òun ló ń fi jí. Kò sí oúnjẹ tó dùn lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìwọ tí ò ń kà á, wàá sọ pé ọkùnrin yìí ti ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Ọkọ̀ àwọn wolé-wolé dúró ní orígun títì, wọ́n ní kí àwọn obìnrin wá gba oògùn. Ìyá Ọmọ́títí lọ, Sọ̀fíyátù sì pọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó wá ku ọkùnrin méjèèjì nínú ilé, kálukú nínú yàrá rẹ̀. Ìgbà náà ni Àdìó gbọ́ ohùn Mùtíù. Ó kọ́kọ́ rò pé orin ló ń kọ.

"Ẹ̀gbọ́n!"

Àdìó gbé orí sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, omi. Mi ò lè dìde. Ẹ bá mi bu omi, Ẹ̀gbọ́n."

Ó dìde, ó dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ lé irin. Ó wo òkè, ó rí oǹdè. Ikú ló ń pe èèyàn lásìkò báyìí. Ó mọ̀ pé Mùtíù ni. Ọmọ tó ń pọnmi fún un ni, kì í ṣe ikú. Síbẹ̀ ẹ̀rù mú un, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbé irin náà.

"Ẹ̀gbọ́n Télọ̀!"

Kí ló ṣe? Ó padà lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé kí Mùtíù mọ̀ pé òun gbọ́. Nígbà tí ohùn náà kò dáwọ́ dúró, ó tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, kí òun má bàa gbọ́ ọ mọ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó dúró, ilé ti dákẹ́.

Bí àwọn obìnrin ṣe dé nìyẹn tí wọ́n bá Mùtíù lórí ilẹ̀. Wọ́n fún un ní omi, kò wọ̀nà ọ̀fun mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn wolé-wolé ti gbé e lọ sin. Wọn kò gbà kí ìyá rẹ̀ wá láti Ìfọ̀.

Ìyá Ọmọ́títí jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń lu itan rẹ̀. "Gbogbo ilé ló ṣófo! Ká ní ẹnìkan wà nítòsí tó lè gbọ́ ọ ni! Àdìó nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ tí a ń gbọ́ láti títì ni kò sì jẹ́ kó gbọ́."

Àdìó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Arúgbó náà ti bá a wá àwáwí tí òun fúnra rẹ̀ kò lè wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ọmọ́títí pè bó ṣe máa ń pè. "Sọ̀fíyátù!" Sọ̀fíyátù dáhùn. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́ díẹ̀ níbi tó yẹ kó ti pe Mùtíù. Ó wá sọ pé, "Àdìó o." Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Àdìó tẹ ẹ̀rọ, ó sì gbọ́ "O ṣeun", àmọ́ kò dùn mọ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan irin yẹn, ohùn Mùtíù ló ń gbọ́. Kò lè jẹun. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún. Mo ti rí ẹni tó dá wà nítorí pé kò ní ẹnìkan. Ti ẹni tó dá wà nítorí ohun tó ṣe tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ rárá ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún ní ìdájí. Kó tó di pé ilẹ̀ mọ́, ó ti bì títí kò fi sí ohun tó kù láti bì. Ó ṣubú sórí ilẹ̀, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń wo oǹdè tó wà lókè ilẹ̀kùn. Ó ti pa èèwọ̀ náà mọ́ pátápátá. Kò jẹ́ ìpè ẹnikẹ́ni. Báwo ni ikú ṣe wá wọlé? Òun kò mọ̀ pé inú korobá òun ló gbé e wọlé, láràárọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ara òun.

"Sọ̀fíyátù!"

"Mà!"

"Àdìó o!"

Ó na ẹsẹ̀ síbi ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ó tún nà án, ara rẹ̀ kò gbé e.

"Àdìó, mi ò gbọ́ máṣíìnì lónìí o." Ó gbọ́ tí ìyá náà ń fa ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn. "Àdìó!"

Àdìó di ẹnu rẹ̀. Ṣé o rí ohun tí ẹ̀rù lè fi ènìyàn ṣe? Ikú ti wà lórí àyà rẹ̀, ó ṣì ń ṣọ́ra kí òun má ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìyá Ọmọ́títí kò lọ. Ó jókòó sílẹ̀ síbi ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sínú pákó.

"Ọdún tí onígbáméjì kọ́kọ́ wọ̀lú wa, Ọmọ́títí mi ṣì kéré. Ọwọ́ mi ló kú sí. Wọ́n wá tì mí mọ́lé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dé ẹnu ọ̀nà mi. Ikú ọmọ dùn mí, Àdìó, àmọ́ ohun tó fẹ́ yí mi lórí ni pé ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ mi mọ́. Nígbà tó yá, mo ń pe ara mi. Màá ní, 'Ìyá Ọmọ́títí!' Màá tún ní, 'Hùn-ún.' Inú ìyà yẹn ni Jésù ti pè mí. Mi ò rí ìran o, mi ò gbọ́ ohùn kankan létí. Mo kàn mọ̀ lọ́jọ́ kan pé Ẹnìkan mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni mi ò fi lè jí kí n má pe yín. Tó o bá ń gbọ́ mi, ọmọ mi, dá mi lóhùn. Mi ò bèèrè pé kí o dìde. Ṣáà dá mi lóhùn."

Àdìó wo oǹdè. Ó rántí Mùtíù lẹ́yìn ilẹ̀kùn kejì, tí òun náà ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnìkan ṣáà dá òun lóhùn. Ọkàn rẹ̀ là. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, bí mo bá máa kú, ẹ jẹ́ kí n kú lẹ́ni tó dáhùn.

"Mo wà níhìn-ín, Màmá," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ tuntun lọ. "Ẹ gbà mí."

"Yéè! Sọ̀fíyátù, ó fọhùn! Gbé omi wá! Fi iyọ̀ sí i, fi ṣúgà sí i bí wọ́n ṣe kọ́ wa! Àdìó, wọ́, máa wọ́ bọ̀, wá gbé irin náà."

Ó wọ́. Ó pẹ́ kó tó dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí irin náà bọ́, òun náà ṣubú sórí ẹsẹ̀ ìyá náà.

Gbogbo ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń fi ṣíbí bu omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí i lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì kan bá àwọn wolé-wolé dé ní ọ̀sán, ó sì fa omi sí i lára. Gbogbo ọjọ́ yẹn náà ni Àdìó fi ń dúró de ikú, nítorí pé ó ti jẹ èèwọ̀. Oòrùn wọ̀, ikú kò dé. Ó ní kí Sọ̀fíyátù bá òun mú oǹdè náà sọ̀kalẹ̀, ó sì fi sísọ́ọ̀sì rẹ̀ tú u. Òun tó jẹ́ télọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wo bí wọ́n ṣe rán an. Ọwọ́ ìránṣọ náà burú. Àkísà àti èédú ló wà nínú rẹ̀.

Ó wò ó títí. Ó wá sọ pé, "Màmá, Mùtíù pè mí."

Ìyá Ọmọ́títí ń nu ilẹ̀ lọ́wọ́. Ó dúró.

"Mo gbọ́ ọ. Omi ló ń bèèrè. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ò jẹ́ kí n gbọ́. Torí kí n má bàa gbọ́ ni mo ṣe ń tẹ ẹ̀rọ."

Ìyá náà dìde. Ó fi aṣọ ìnulẹ̀ sílẹ̀, ó jáde. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Sọ̀fíyátù wọlé wá, ó ní Màmá ń sunkún lẹ́yìn ilé, kò gbà kí wọ́n rẹ òun lẹ́kún. Àdìó kò sùn. Kò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń rò: ṣé ó máa pè mí láàárọ̀?

Ilẹ̀ mọ́.

"Sọ̀fíyátù!"

"Mà!"

Ọ̀ọ̀dẹ̀ dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́ débi pé Àdìó fi ìrọ̀rí bo ojú.

"Àdìó o!"

"Mà!" Ó pariwo rẹ̀ tẹkúntẹkún. "Mà! Mà! Mo wà níhìn-ín, mà!"

Ìyá Ọmọ́títí wọlé, ó jókòó tì í. Ojú rẹ̀ wú. "Mi ò lè purọ́ fún ọ," ó wí. "Ọ̀rọ̀ tó o sọ lánàá gbóná lára mi. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn. Mo dúró níta báyìí, orúkọ rẹ ò fẹ́ jáde lẹ́nu mi. Àmọ́ èmi náà mọ irú ẹni tí mo jẹ́ kí Jésù tó pè mí."

"Ọlọ́run ò lè gbọ́ tèmi, Màmá. Èmi tí mo di etí sí ọmọlọ́mọ."

"Gbọ́ mi. Jésù náà wà lórí igi, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó ké pe Bàbá rẹ̀, kò rí èsì gbà. Ọmọ Ọlọ́run ni o! Ó jẹ ìyà ìdákẹ́jẹ́ yẹn torí irú àwa tí a gbọ́ tí a dákẹ́. Ẹ̀bi tìrẹ ló rù lọ síbẹ̀. Tí ìwọ bá wá ké pè é, kò ní dákẹ́. Má wá àwáwí kankan. Sọ ọ́ bó ṣe rí."

Bí Àdìó ṣe sọ ọ́ bó ṣe rí nìyẹn, lórí ẹní, pẹ̀lú ara tí kò tíì le. Kò mọ àdúrà gbà. Ó pe orúkọ Jésù, ó ní òun gbọ́ Mùtíù, òun sì dákẹ́, kó dárí jin òun. Ó ní òun ti ń gbọ́ ìpè Jésù náà látọjọ́ pípẹ́, òun sì ń fi iṣẹ́ bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sunkún títí àyà rẹ̀ fi fúyẹ́. Nígbà tó dìde, ó mọ̀ pé òun kò dá wà mọ́.

Láti ìgbà tó ti lè rìn, òun ló gba iṣẹ́ ìpè lọ́wọ́ arúgbó náà. Ó ń pe Sọ̀fíyátù, ó ń pe Ìyá Ọmọ́títí. Ó ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó ń pe àwọn ilé tó yí wọn ká, ó ń bèèrè ẹni tí omi rẹ̀ tán, á sì gbé omi sísè lọ sí ẹnu ọ̀nà wọn. Àwọn ènìyàn ń bi ara wọn pé, "Ṣé Télọ̀ ló ń kí wa yìí?" Ẹ̀rín ń pa wọ́n.

Nígbà tí wọ́n nu àmì ẹfun kúrò lára ògiri, Àdìó kò kọ́kọ́ lọ sí ìlú rẹ̀ láti lọ wo àwọn ọmọ. Ìfọ̀ ló gbà lọ, sí ilé ìyá Mùtíù. Wúlẹ̀mọ̀tù ni orúkọ ìyá náà. Ó kí àlejò rẹ̀ káàbọ̀, ó fún un ní àga, ó sì gbé omi tútù fún un nínú kọ́ọ̀pù, bí a ti ń ṣe fún àlejò kó tó sọ ohun tó gbé e wá.

Àdìó gba omi náà. Kò lè mu ún. Ó kúrò lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ ohun tó ṣe fún un, kò fi ìkankan pamọ́.

Ìyá Mùtíù bèèrè pé, "Kí lọmọ mi pè yín?"

"Ẹ̀gbọ́n. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, omi.'"

Obìnrin náà fi gèlè nu ojú. Ó bojú wo ìta, ó sunkún fún ìgbà pípẹ́, Àdìó sì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé kọ́ọ̀pù náà nílẹ̀, ó nà án sí i.

"Ẹ dìde," ó wí. "Ẹ mu omi."

Àdìó mu ún tán. Ó ní títí òun á fi kú, òun kò ní gbàgbé bí omi náà ṣe rí lọ́fun òun.

Ọ̀rẹ́ mi, ìtàn Àdìó parí síbẹ̀. Tìrẹ ni kò tíì parí.

Wọ́n ti pè ọ́. Má sọ fún mi pé o ò gbọ́. O gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọ̀rẹ́ rẹ. O gbọ́ ọ nígbà tí ara rẹ kò yá, tí o dá sùn, tí o ń ka igi àjà. Kí ló wà lókè ilẹ̀kùn tìrẹ tí kò jẹ́ kí o dáhùn? Ẹ̀rọ wo lò ń tẹ̀ kíkankíkan kí o má bàa gbọ́? Iṣẹ́ ni bí, tàbí ọtí, tàbí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí o rò pé ó burú kọjá ìdáríjì?

Àdìó ṣe èyí tó burú jù, Olúwa sì gbọ́ ọ. Yóò gbọ́ ìwọ náà. Kò fẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn. Níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó pa ìwé yìí dé, sọ pé, "Jésù, mo wà níhìn-ín. Mo gbọ́, mo sì dákẹ́. Dárí jì mí, gbà mí." Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó wà ní yàrá kejì, kí o pe orúkọ rẹ̀.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Mùtíù pè títí, ó sì dákẹ́, Àdìó ì bá fi gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ ra ohùn yẹn padà, kò rí i rà. Ẹni tó ń pè ọ́ kò tíì dákẹ́. Dá a lóhùn lónìí.